Ọgbà Ìgbafẹ́ Tó Ń Ṣọdún: Ta Ló Ń Gbọ́ Bùkátà?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè wa ń lò fún ohun méjì tí èdè Faransé yà sọ́tọ̀ gedegbe. Ohun tí wọ́n ń pè ní «année», ọdún ni. Ohun tí wọ́n ń pè ní «fête», ọdún náà ni. Bí ẹnìkan bá sọ pé ọdún ti dé, àfi kí a wo ojú rẹ̀ kí a tó mọ̀ bóyá kàlẹ́ńdà ló ń kà ni tàbí ìlù ló ń gbọ́. Ó dà bí ẹni pé lójú àwọn baba ńlá wa, bí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn bá ti yípo tán tí ẹ̀mí sì wà, ìdí àjọyọ̀ ti pé. Wọn kò béèrè iye. Títí di òní, n kò tíì gbọ́ kí ẹnìkan béèrè ní Kétu pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ọdún yìí, ẹlẹ́ẹ̀mélòó ni.

Àṣà kí a máa ka iye ọdún, kí a sì máa fi fàdákà àti wúrà sọ ọ́ lórúkọ, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn ló ti wá bá wa. Ó ti di tiwa báyìí. Ìjọ ń ṣe jubílì ọdún 25, ilé ẹ̀kọ́ ń ṣe ti 50, tọkọtaya ń ṣe ti ìgbéyàwó wọn, n kò sì rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dára kí á yẹ àṣà náà wò níbi tó ti gbilẹ̀ jù lọ, níbi tí olójọ́ ìbí ti jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ta ìgbádùn. Àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ńláńlá ti Disney ni mo ní lọ́kàn: èyí tó wà ní ìlà oòrùn Pàrísì, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn ará wa tó ń gbé ilẹ̀ Faransé máa ń kó ọmọ lọ nígbà ìsinmi, àwọn tó wà ní Kalifọ́níà àti Flórídà ní Amẹ́ríkà, àti èyí tó wà nítòsí Tókíò ní ilẹ̀ Jàpáànù. Ṣé ó yẹ kí irú ọgbà bẹ́ẹ̀ máa ṣe àjọ̀dún ní gbogbo ìgbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá bọ́ sí òǹkà tó dùn ún pè?

Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ eré. Nígbà tí mo gbé e síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí, ẹ̀rín ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi dá, nítorí ìbéèrè mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀: kí ni ó ń sọ ọjọ́ kan di ọjọ́ ọdún, ta sì ni ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún ẹlòmíràn pé kí ó wá bá òun yọ̀?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ bí nǹkan ṣe rí. Disneyland àkọ́kọ́ ṣí ní Anaheim, ní Kalifọ́níà, ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 1955. Walt Disney World ṣí ní Flórídà ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1971. Walt Disney fúnra rẹ̀ ti kú ní 1966, kò fojú rí i. Tokyo Disneyland ṣí ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1983. Ti Pàrísì ṣí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1992, Euro Disney sì ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ ìbí tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí náà kì í ṣe ọjọ́ kan mọ́. Àjọ̀dún 50 ti Walt Disney World bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2021, kò sì parí títí di òpin oṣù kẹta 2023, oṣù 18 gbáko. Àjọ̀dún 30 ti Pàrísì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta 2022, ó sì parí ní òpin oṣù kẹsàn-án 2023. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yóò ti máa sáré kiri ilé kí ó tó parí.

Ti Tókíò tún yàtọ̀. Ọgbà méjì ló wà nínú ibùdó kan náà níbẹ̀, Tokyo Disneyland àti Tokyo DisneySea, èyí tó ṣí ní oṣù kẹsàn-án 2001. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ṣe àjọ̀dún, ti èkínní kò sì bọ́ sí ọdún kan náà pẹ̀lú ti èkejì. Ẹ bá mi ka á: 2003, 2006, 2008, 2011, 2013, 2016, 2018, 2021, 2023. Níbẹ̀, ọdún tí a kò ṣọdún gan-an ló ku díẹ̀ kó di ohun ìyanu.

Ẹni tó bá fẹ́ yára dájọ́ yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí níbí, pé ọgbọ́n ọjà ni gbogbo rẹ̀. Bí ó bá rọrùn tó bẹ́ẹ̀, n kì bá tí fi àkókò yín ṣòfò.

Ẹ fojú inú wo bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀yìn odi Pàrísì, tó fi ọdún mẹ́ta tọ́jú owó kí ó tó lè kó àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin lọ sí ọgbà náà. Ọjọ́ tí wọ́n bá lọ, ọjọ́ ọdún ni lójú àwọn ọmọ wọ̀nyí, ìbáà jẹ́ ọdún 30 ni ọgbà náà pé tàbí ọdún 31. Àwọn ọ̀ṣọ́, ìlù àti iná aláràbarà tó ń tàn lójú ọ̀run kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ wọn. Ta ni yóò wá dúró lẹ́nu ọ̀nà láti sọ fún bàbá náà pé ayọ̀ tó rà kò ní ìpìlẹ̀ nínú ìmọ̀ ọgbọ́n orí? Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òṣìṣẹ́. Ibi tí ènìyàn ti gbálẹ̀, tó ti dáná, tó ti tún ẹ̀rọ ṣe fún ogún ọdún, ó tọ́ kí ọjọ́ kan wà tí a óò sọ ní gbangba pé ọwọ́ ènìyàn ló kọ́ ọ, pé kì í ṣe idán.

Ọ̀rọ̀ Epcot tilẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń dá ẹni tó bá fẹ́ pa àjọ̀dún wọ̀nyí rẹ́ lóhùn. Epcot jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọgbà tó wà nínú Walt Disney World. Ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1982 ló ṣí. Nígbà tí ọdún 25 rẹ̀ ń bọ̀ ní 2007, ilé-iṣẹ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣètò ohun ńlá kan fún un. Àwọn olólùfẹ́ ọgbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara wọn jọ, tí wọ́n sì pinnu láti pàdé níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ dá sí i: wọ́n ṣe ayẹyẹ ráńpẹ́, wọ́n sì pàtẹ àwọn nǹkan ìrántí fún àwọn àlejò láti wò. Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń ta ọjà ti fẹ́ kọjá láìfọhùn. Àwọn tó ń rà á ló ní kí ó dúró. Ibẹ̀ ni àwọn kan nínú wọn ti fẹ́ ara wọn sọ́nà, ibẹ̀ ni òmíràn ti rìn kẹ́yìn pẹ̀lú òbí tó ti dolóògbé. Ilé-iṣẹ́ ló ni ilẹ̀ àti ilé tó wà lórí rẹ̀. Ìrántí tó wà níbẹ̀, òun nìkan kọ́ ló ni ín.

Nítorí náà, n kò lè gbà pẹ̀lú ẹni tó bá sọ pé kí wọ́n má ṣe é rárá. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ pé kí wọ́n máa ṣe é ní gbogbo ìgbà, ó yẹ kí á béèrè ohun tí òǹkà wọ̀nyí ń sọ. Níbo ni 25 àti 50 ti rí agbára wọn?

Ọ̀rọ̀ náà «jubilé» ti inú èdè Hébérù wá, ó sì tan mọ́ ìwo àgbò tí wọ́n ń fọn láti kéde ọdún mímọ́ náà. Ìwé Léfítíkù nínú Bíbélì ṣàlàyé òfin rẹ̀: bí ọdún 50 bá pé, ilẹ̀ tí òtòṣì ti tà yóò padà sọ́wọ́ ìdílé rẹ̀, ẹni tó ti ta ara rẹ̀ sóko ẹrú yóò padà sílé, ilẹ̀ náà yóò sì sinmi láìgbin ohunkóhun sí i. Àwọn onímọ̀ ń jiyàn bóyá wọ́n pa òfin náà mọ́ pátápátá rí. Ohun tí òfin náà fẹ́ kò fara sin. Ní ọdún 50, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kún ni yóò ṣí ọwọ́. Ìwo tí wọ́n ń fọn, etí ẹni tó jẹ gbèsè ló dùn mọ́ jù.

Róòmù gba orúkọ náà lẹ́yìn èyí. Ní ọdún 1300, Póòpù Boniface VIII kéde ọdún jubílì fún àwọn tó bá wá ṣe ìrìn àjò mímọ́ sí Róòmù, ó sì ní kí ó máa wáyé ní ọgọ́rùn-ún ọdún 100. Kò tíì tó ìgbà náà tí Clement VI fi dín in kù sí 50, tí wọ́n sì ṣe é ní 1350. Kí ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn tó parí, Urban VI ti ní kí ó di 33, nítorí iye ọdún tí a gbà pé Jésù lò láyé. Ní 1470, Paul II sọ ọ́ di 25. Láàárín ọdún 170, òǹkà náà ti wálẹ̀ láti 100 sí 25. Ìdí tí wọ́n sọ jẹ́ ìdí rere: ẹ̀mí ènìyàn kúrú, ó sì yẹ kí ìran kọ̀ọ̀kan rí oore-ọ̀fẹ́ náà gbà kí wọ́n tó kú. Òtítọ́ ni. Òtítọ́ sì tún ni pé àwọn arìnrìn-àjò ń jẹun, wọ́n ń sùn, wọ́n ń tọrẹ, owó sì ń wọ Róòmù. Òtítọ́ méjèèjì ń gbé inú ilé kan náà, ẹni tó bá fẹ́ lé ọ̀kan jáde yóò wó ilé náà. Bí Tókíò bá sọ fún wa lónìí pé ọmọdé kì í pẹ́ ní ọmọdé, pé ọmọ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè dúró de ọdún 50, ọ̀rọ̀ Clement VI ni wọ́n ń tún sọ, a kò sì lè pè é ní irọ́.

Èmi kò fi bẹ́ẹ̀ ka iye ìgbà sí. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó ń ṣí ọwọ́.

Ní àárín wa, ẹni tó ń ṣọdún ló ń dáná. Bí mo bá pè yín wá bá mi yọ̀, èmi ni mo máa wá àga, èmi ni mo máa se oúnjẹ, bí oúnjẹ kò bá sì kárí, èmi ni ojú yóò tì. Nígbà tí mo sọ báyìí nínú kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní, «Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ kò dé òde ìnáwó rí ni? Màmá mi ra aṣọ ẹbí ní ìgbà mẹ́rin lọ́dún tó kọjá, ó sì gbé àpòòwé owó lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.» Kíláàsì pa àtẹ́wọ́ fún un, ó sì tọ́ sí i. Òótọ́ ni pé àlejò ń náwó lóde wa, nígbà mìíràn ju bí agbára rẹ̀ ṣe mọ lọ, àwọn mìíràn sì ti sọ aṣọ ẹbí di òwò pọ́ńbélé. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí owó náà ṣe ń rìn. Ohun tí màmá rẹ̀ gbé lọ sí òde aládùúgbò rẹ̀ lónìí, aládùúgbò náà yóò gbé e wá nígbà tí òun náà bá ń ṣe ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó. Bí àáró oko ni. Lónìí a ṣiṣẹ́ lóko rẹ, lọ́la a ó dé oko mi. Àwọn obìnrin wa a máa kọ ọ́ sínú ìwé, ta ló mú kí ni wá, kí wọ́n lè mọ bí wọn yóò ṣe dá a padà. Ọgbà ìgbafẹ́ kò ní wá sí ìsìnkú ìyá mi. Ó pè mí sí ọjọ́ ìbí rẹ̀, mo sanwó ìwọlé, mo sanwó oúnjẹ, mo ra fìlà tí wọ́n kọ iye ọdún rẹ̀ sí, mo sì ń dúpẹ́ pé wọ́n pè mí. Níbi tí àáró kò ti lè yí padà, mo rò pé ẹni tó pe àjọ ló yẹ kó kọ́kọ́ mú nǹkan jáde.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, a kò sì gbọ́dọ̀ fi pamọ́. Ní oṣù karùn-ún 2005, nígbà tí Disneyland ti Kalifọ́níà ń ṣe àjọ̀dún 50, gbogbo àwọn ọgbà Disney káàkiri ayé ló bá a ṣe é. Ní Flórídà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ọ̀sì gbé àwọn àlejò tó ń sùn ní òtẹ́ẹ̀lì wọn láti pápákọ̀ òfuurufú, lọ àti bọ̀, láìgba kọ́bọ̀. Ẹnìkan lè sọ pé àlejò tí bọ́ọ̀sì gbé wá kò ní rí ọkọ̀ gbé jáde lọ náwó níbòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀, ẹni tó rù ẹrù tó sì gbé ọmọ lọ́wọ́ kò ní kọ bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ nítorí èrò ọkàn awakọ̀.

Ẹ wá fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọdún 50 ti Flórídà fúnra rẹ̀ dé. Ọdún kan ṣáájú, ní oṣù kẹsàn-án 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti gbogbo nǹkan pa, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé àwọn yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ 28,000 ní ẹ̀ka àwọn ọgbà wọn ní Amẹ́ríkà. N kò ní fi àjàkálẹ̀ àrùn sí wọn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n láti 1999 ni àwọn àlejò ti ní ọ̀nà ọ̀fẹ́ kan láti gba àkókò sílẹ̀ kí wọ́n má baà pẹ́ lórí ìlà. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá 2021, ọjọ́ 18 péré lẹ́yìn tí àjọ̀dún bẹ̀rẹ̀, ètò tuntun rọ́pò rẹ̀, dọ́là 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ tí àjọ̀dún 50 kan mú wá kásẹ̀ ńlẹ̀ ní àárín àjọ̀dún 50 mìíràn. Ère oníwúrà 50 ni wọ́n gbé kalẹ̀ sínú àwọn ọgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ayẹyẹ náà. Ère náà rẹwà. Ṣùgbọ́n bí a bá mú òfin Léfítíkù gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n, mo rò pé ìwo náà dún sódì lọ́dún yẹn.

Ti Pàrísì ní ìtàn tirẹ̀ tí àwọn òǹkàwé wa tó gbọ́ Faransé yóò lóye dáadáa. Ní 1989, kí ọgbà náà tó ṣí, wọ́n ta ìpín ìdókòwò rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní fráǹkì 72 fún ìpín kan, bíi yúrò 11 lónìí. Ọ̀pọ̀ ará Faransé lásán, kì í ṣe àwọn olówó nìkan, ló rà á. Ọgbà náà ṣí, ó wọ gbèsè, àfìgbà tí wọ́n tún ètò gbèsè náà tò ní 1994 kí ó tó lè mí, ó sì di 1995 kí ó tó rí èrè ọdún kan. Nígbà tí wọ́n ṣe àjọ̀dún 5 ní 1997, òǹkà kékeré nìyẹn, ṣùgbọ́n ìdí wà níbẹ̀: ọmọ tí wọ́n rò pé kò ní yè ti ń rìn. Lójú tèmi, òun ni àjọ̀dún tó ní ìtumọ̀ jù nínú gbogbo èyí tí ọgbà náà ti ṣe. Ogún ọdún kọjá. Ní 2017, ọdún àjọ̀dún 25, ọdún fàdákà, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ni orúkọ Disney ra ìpín tó kù lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ní yúrò 2 fún ìpín kan, ó sì gba ọgbà náà sọ́wọ́ ara rẹ̀. Láàárín ìgbà náà, wọ́n ti kó ìpín àtijọ́ 100 pọ̀ di ẹyọ kan, nítorí náà àdánù àwọn tó ra tiwọn ní 1989 tilẹ̀ ju bí ó ṣe hàn lójú lọ. Kò sí òfin tí wọ́n rú. Ọjà ni ọjà, ẹni tó bá dókòwò mọ̀ pé ó lè sọnù. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyẹn ló gbà á gbọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ oko oníṣúgà ní Marne-la-Vallée. Bí ọlọ́dún bá ń ka àwọn tó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àjọ̀dún lè gbà lọ́wọ́ ẹni, tí kì í ṣe owó. Fún àjọ̀dún 25 ti Walt Disney World, láti oṣù kẹwàá 1996 títí di oṣù kìíní 1998, wọ́n sọ ààfin Cinderella di àkàrà òyìnbó aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, pẹ̀lú àbẹ́là àti súìtì gọ̀bọ̀gọ̀bọ̀ lára rẹ̀. Ẹni tó ń gbé nítòsí lè rẹ́rìn-ín, kí ó sì padà wá nígbà tí wọ́n bá tú u. Ẹbí tó ti òkèèrè wá lẹ́ẹ̀kan láyé, tí wọ́n fẹ́ rí ààfin tí wọ́n ti ń wò nínú àwòrán láti kékeré, àkàrà ni wọ́n bá. Bàbá tí mo mẹ́nu bà lókè, òun ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àjọ̀dún tó yẹ kó fi kún ọjọ́ rẹ̀ lè bo ohun tó bá wá mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ayẹyẹ púpọ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní àkókò méjì. Ó ń jáde lọ́dọọdún lẹ́yìn ìkórè. Ó sì tún ń jáde nígbà tí ọ̀dá tàbí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé sí ìlú, nígbà tí kàlẹ́ńdà kò pè é rárá. Mo rántí èyí nígbà tí mo ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tókíò. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2011, ilẹ̀ mì ní Jàpáànù, omi òkun bo àwọn ìlú etíkun ní àríwá, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ṣòfò. Wọ́n ti àwọn ọgbà méjèèjì pa fún ohun tó lé ní oṣù kan. Tokyo Disneyland tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, tí í ṣe àyájọ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣí. Ọdún 28 ló pé lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tí ń ṣe jubílì ọdún 28. Wọ́n dín wákàtí tí wọ́n fi ń ṣí kù nítorí iná mànàmáná tí kò tó ilẹ̀ náà lò. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn ti tò sẹ́nu ọ̀nà kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ni DisneySea bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún 10 tirẹ̀, tí wọ́n ti ń múra sílẹ̀ fún ṣáájú, pẹ̀lú gbogbo ọ̀ṣọ́ tó yẹ òǹkà náà. Bí ẹ bá ní kí n tọ́ka sí èyí tí mo lè pè ní ọdún nínú méjèèjì, ní ìtumọ̀ tí àwa ń fún ọ̀rọ̀ náà, mo mọ èyí tí n ó tọ́ka sí.

Bí wọ́n bá wá bi mí, ohun tí n bá sọ fún irú ọgbà bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Kí ó máa rántí ọjọ́ ìbí rẹ̀ lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kan, bí Walt Disney World ti ṣe nígbà tó pé ọdún 40 ní 2011: wọ́n ṣe ayẹyẹ kékeré ní ọjọ́ náà, kálukú sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára, àwọn olólùfẹ́ Epcot kì bá sì ti ní ìdí láti ṣètò tiwọn. Èyí tó bá máa gba oṣù 18, tó máa pe gbogbo ayé, kí ó fi pamọ́ di ìgbà tó bá ní ohun tó fẹ́ fi lé àlejò àti òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, tàbí ìgbà tí ó bá la ewu kọjá. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde lọ́sàn-án, olórin a máa dárúkọ ohun tí àwọn alágbára ṣe láàárín ọdún, rere àti búburú, alágbára náà a sì jókòó gbọ́ ọ. N kò retí pé ilé-iṣẹ́ kankan yóò sanwó fún olórin Ẹ̀fẹ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àjọ̀dún tí a kò ti gbọ́ ohun mìíràn ju ìyìn ọlọ́dún lọ, láti ẹnu ọlọ́dún fúnra rẹ̀, ó jọ oríkì tí ènìyàn ń ki ara rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí kò tíì gbà fún mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Ó ní, «Olùkọ́, ẹ ní kí wọ́n mú nǹkan jáde fún àlejò. Bí wọ́n bá fún àlejò ní bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ lọ́dún yìí, ṣé wọn kò ní fi owó rẹ̀ kún owó ìwọlé lọ́dún tó ń bọ̀ ni? Ta ló wá fún ta ní nǹkan?» Mo sọ fún un pé ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba, iye tó wọlé àti iye tó jáde, bí àwọn ìyá wa ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni yóò wá fi ìwé náà hàn wá. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin 2027, ọgbà Pàrísì yóò pé ọdún 35, a ó sì rí ohun tí wọn yóò ṣe.